Ta Ló Ni Gọ́tà Yìí?

Búlúù ni omi náà lọ́jọ́ tó wọlé wá bá wa. Kì í ṣe búlúù ojú ọ̀run o. Búlúù aró ni, irú èyí tó máa ń wà lọ́wọ́ aláró tí ọṣẹ kì í bó. Oṣù Keje ni, òjò ti bẹ̀rẹ̀ láti òru, mo sì dé ṣọ́ọ̀bù ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀. Ọmọ iṣẹ́ wa tó kọ́kọ́ dé ti ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó ń gbá omi síta, omi ń gba abẹ́ ìgbálẹ̀ padà wọlé. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ó ti dé ìdí pépà."

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé la ń ṣe: lébẹ́ẹ̀lì ara ìgò, páálí kéékì, àpò tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé pépà tó bá ti mu omi, ó ti bọ́ nìyẹn. Alákàrà gan-an kò ní gbà á lọ́wọ́ ẹ. Rímù mọ́kànlélógún ló lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo jókòó sórí àga onírọ́bà, mo ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè bí ọmọdé, mo ń wo omi náà bó ṣe ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ká. Ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lẹ́nu ni aládùúgbò wa tó wà lókè títì. Mo bú u. Ẹ máa rántí pé mo bú u.

N kò ní dárúkọ ẹ́sítéètì wa níbí. Apá gúúsù Ìbàdàn ló wà, mo sì ṣì fẹ́ kí àwọn ará ibẹ̀ máa dá mi lóhùn tí mo bá kí wọn. Ilé-iṣẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀, ńlá àti kékeré, mẹ́sàn-án ló sì dojú kọ títì tiwa. Lókè pátápátá ni ọkùnrin kan wà tó ń fọ ike àlòkù, tó ń lọ̀ ọ́ fún àwọn tó ń fi ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó tẹ̀ lé e ń lọ ońjẹ adìyẹ. Wéèháùsì méjì wà, oníwẹ́dà kan, obìnrin kan tó ń ṣe ọṣẹ olómi, ilé kan tó ti wà ní pípa tì láti bí ọdún mẹ́fà, kó tó wá kan àwa. Lẹ́yìn wa, ó ku mẹkáníìkì kan tó ń tún ẹ́ńjìnnì tírélà ṣe. Gọ́tà kan ṣoṣo ló gba iwájú àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán kọjá. Níbì kan ó ní sílábù lórí, níbòmíràn ó la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tó sùn lọ nínú ọkọ̀. Ní ìsàlẹ̀, ó gba inú kọ́fátì kan lábẹ́ títì, ó sì já sí odò kékeré kan tó ń lọ bá odò Ọ̀nà.

Omi òjò ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn yìí, bó ti fẹ̀ tó, kò ní páìpù abẹ́ ilẹ̀ tó ń kó omi ìdọ̀tí gbogbo ìlú lọ síbi tí wọ́n á ti tọ́jú rẹ̀. Oníkálukú ló gbẹ́ sókéwéè tirẹ̀. Tí sókéwéè bá kún, tí ilẹ̀ kò mu omi mọ́, tí owó ọkọ̀ tó ń fa ìdọ̀tí sì ga, omi náà á wá ọ̀nà gbà, ọ̀nà tó sún mọ́ ọn jù ni gọ́tà. Nítorí náà iṣẹ́ méjì ni gọ́tà ń ṣe lọ́dọ̀ wa: ó ń kó òjò, ó sì ń kó ohun tí kálukú kò fẹ́ kí aládùúgbò rí.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo lọ sí kánsù. Mo wọ bùbá àti ìró tó dáa, mo mú fọ́tò méje dání, torí ẹni tó bá wọ aṣọ iṣẹ́ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, ìta ló máa ti sọ tẹnu rẹ̀. Wọ́n júwe ẹ̀ka tó ń rí sí iṣẹ́ títì fún mi. Ọkùnrin àgbàlagbà kan ló wà níbẹ̀, ó da gúgúrú àti ẹ̀pà sórí ìwé ìròyìn, ó ń fi ọwọ́ kan jẹ ẹ́, ó ń fi èkejì yẹ fọ́tò mi wò.

"Inú ẹ́sítéètì ni àbí ìta?"

Mo ní inú ni.

"Háà. Ti sítéètì nìyẹn, màmá."

Mo lọ bá àwọn ti sítéètì. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan fi sùúrù gbọ́ mi dópin, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní odò àti gọ́tà ńláńlá ni tàwọn, gọ́tà ẹ̀gbẹ́ títì kékeré, kánsù ló ni ín. Ó ní bóyá kí n lọ bi àwọn tó pín pílọ́ọ̀tì ẹ́sítéètì náà níbẹ̀rẹ̀. Àwọn yẹn ní àwọn ti ta ilẹ̀ tán, àwọn ti kó ìwé rẹ̀ fún àwọn tó rà á, ẹni tó ra ilẹ̀ ló ra gọ́tà mọ́ ọn. Mo bi wọ́n pé ìdá mélòó nínú gọ́tà ni mo wá rà, èmi tí mo háyà ilé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ọ̀fẹ́ kúkú ni.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo wá ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí kà, ti ọdún 1999. Ẹ wo Àfikún Kẹrin rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wà níbẹ̀ gbangba: kí kánsù máa ṣe ọ̀nà, títì, iná ojú títì àti gọ́tà, kó sì máa tọ́jú wọn. Nígbà tí mo sún sísàlẹ̀ díẹ̀, ó tún kan ilé ìyàgbẹ́ gbogbogbòò, omi ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí. Kò sọ pé àyàfi inú ẹ́sítéètì. Inú mi dùn bí ẹni tó rí owó nínú àpò aṣọ àtijọ́. Mo tẹ ojú ewé náà jáde sórí pépà olówó ńlá (ta ni yóò dá mi lẹ́kun?), mo fi pupa fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ gọ́tà, mo padà sí kánsù.

Bàbá onígúgúrú kà á tán, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Màmá, òótọ́ lẹ kó wá. Ẹ jókòó." Ó wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ owó. Ó ní owó tó ń ti Àbújá bọ̀ fún kánsù, ìwé òfin kan náà tí mo gbé lọ́wọ́ yẹn ló ní kó máa gba inú àpò àjùmọ̀ní kan tó wà lọ́dọ̀ sítéètì kọjá, tó bá sì fi máa jáde níbẹ̀, kò ju owó oṣù lọ. Mo rán an létí pé ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ yìí ti dá a pé kí owó kánsù máa lọ sọ́wọ́ kánsù tààrà. Ó mi orí. "Ẹjọ́ ti dá, màmá. Ṣọ́bìrì ni kò tíì dé."

Ohun tó sọ lẹ́yìn ìyẹn ló bá mi délé. Ó ní, "Ká tiẹ̀ ní owó wà. Gọ́tà yín yẹn, níbo ló ti bẹ̀rẹ̀? Èwo ló jẹ́ ti ojú títì nínú ẹ̀, èwo ló jẹ́ ti inú ọgbà oníkálukú? Ẹ fi hàn mí nínú máàpù." Ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ síta. Fáìlì kún inú ẹ̀, èkúté ti jẹ etí àwọn kan. Kò sí máàpù níbẹ̀. Kò fi ṣe mí ní ẹ̀sín o, ó kàn ń fi hàn mí ni.

Àwa èèyàn Ìbàdàn fẹ́ràn ká sọ pé owó ni kò sí, tàbí pé wọ́n ti kó o jẹ. N kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rò ó pé ká ní wọ́n kó owó náà fún bàbá yẹn láàárọ̀ ọ̀la, kò mọ ibi tí á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́.

Lójú ìyá ìyá mi, ní Kúdẹtì, wolé-wolé ni kánsù. Tí o bá bi í pé kí ni ìjọba ìbílẹ̀, kò ní dárúkọ alága kankan fún ẹ. Á ní ọkùnrin aláṣọ kákí tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá, tó máa ń ṣí ìdérí ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Tó bá fi lè rí tanwíjí, o di ará kóòtù. Ìyá àgbà kò fẹ́ràn wọn. Ó ní wọ́n gbé adìyẹ òun kan lọ rí ní orúkọ fáìnì, òun kò sì rí rìsíìtì gbà. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ń fẹ́ ká padà sáyé àtijọ́. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wolé-wolé ní: ó mọ ìkòkò, ó mọ ẹni tó ni ìkòkò. Ìwé tó bá fi sílẹ̀, orúkọ èèyàn ló máa ń wà lórí rẹ̀. Gọ́tà tiwa kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni lórí.

Ìbàdàn sì ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tí odò Ògùnpa kún, tó gbé ilé, gbé ọkọ̀, gbé èèyàn. Omíyalé ni wọ́n sọ àgbàrá náà, àwọn àgbà ìlú ṣì ń fi í ka ọjọ́ orí ọmọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ó tún ṣẹlẹ̀, èèyàn tó lé ní 100 ló bá a lọ, afárá sì já káàkiri. Ìyẹn ló bí owó 200 mílíọ̀nù dọ́là tí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí lọ́dún 2014, láti fi kojú àgbàrá Ìbàdàn, kí wọ́n tún afárá, kọ́fátì àti ojú odò ṣe. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n odò kì í ṣàdédé kún. Gọ́tà bíi tiwa, tó ń ru náílọ́ọ̀nù láti iwájú ilé mẹ́sàn-án, ló ń bọ́ ọ, owó Báńkì Àgbáyé kò sì lè dé àárín oníwẹ́dà àti ọlọ́ṣẹ. Kánsù mọ́kànlá ló pín Ìbàdàn mọ́ ara wọn lọ́wọ́, márùn-ún nígboro, mẹ́fà létí ìlú. Omi kò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí.

Àbúrò mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní wéèháùsì kan ní ìlú Leicester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo rojọ́ fún un lórí WhatsApp, mo ń retí kó sọ pé "ẹ̀yin ará Nàìjíríà". Ẹ̀rín ló bú sí. Ó ní lọ́dún tó kọjá, páìpù ìdọ̀tí dí ní ẹ́sítéètì ilé-iṣẹ́ tiwọn náà, ìgbẹ́ ilé mẹ́ta tú síta níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, àwọn máníjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dúró yí i ká, tí wọ́n ń wo ara wọn lójú. Ẹ forí jì mí, inú mi dùn. Kò kúkú sí ẹni tó kú.

Ohun tó wá ṣàlàyé tẹ̀ lé e ni n kò lè gbé kúrò lọ́kàn. Ó ní orúkọ méjì ni òfin Gẹ̀ẹ́sì fún ohun tí a ń pè ní gọ́tà tàbí páìpù ìdọ̀tí. Èyí tó ń gbé omi ilé kan, tàbí ti àwọn ilé tó wà nínú ọgbà kan náà, drain ni. Ibi tí omi ọgbà kejì bá ti dà mọ́ ọn, láti ibẹ̀ lọ, sewer ni. Páìpù kan náà o, fífẹ̀ rẹ̀ kò yí padà, inú ilẹ̀ kan náà ló wà. Aládùúgbò ló wọ inú ẹ̀, orúkọ rẹ̀ bá yí padà, ẹni tó ni ín sì lè yí padà pẹ̀lú. Mo gbọ́ ohùn tó gbà ránṣẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èmi tí mo ń sọ Yorùbá láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, n kò rí ọ̀rọ̀ méjì tí mo lè fi ya wọ́n sọ́tọ̀. Gọ́tà ni gbogbo rẹ̀ lẹ́nu wa, láti ẹ̀yìn ilé ìdáná títí dé odò.

Kì í ṣe pé wọ́n gbọ́n jù wá. Òórùn ló lé wọn débẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1858, odò Thames rùn ní Lọ́ńdọ̀nù débi pé wọ́n ń rẹ aṣọ ojú fèrèsé ilé aṣòfin sínú omi kẹ́míkà tó ń pa òórùn (chloride of lime) kí àwọn aṣòfin lè rí ẹ̀mí mí. Ìgbà yẹn ni owó jáde, tí ẹnjiníà Joseph Bazalgette fi rí ààyè kọ́ páìpù ìdọ̀tí abẹ́ ìlú náà. Mo máa ń rò ó pé ká gbé ìpàdé àwọn alágbára wá sí títì wa ní oṣù Keje.

Àríyànjiyàn kò sì tán lọ́dọ̀ wọn náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, páìpù àjùmọ̀lò tó gba orí ilẹ̀ aládàáni, àwọn onílé tó ń lò ó ló ni ín, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ títí ọjọ́ tó fi dí. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2011, òfin kó púpọ̀ jù lọ nínú irú páìpù bẹ́ẹ̀, ní England àti Wales, fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń rí sí omi àti ìdọ̀tí agbègbè wọn. Ẹ̀yìn Omíyalé tiwa ti ọdún yẹn ni, kò ju oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ́sítéètì ilé-iṣẹ́ tí ẹnì kan ṣoṣo bá ni gbogbo ọgbà rẹ̀, tó ń háyà rẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́, páìpù inú ọgbà ṣì jẹ́ tirẹ̀. Àbúrò mi ní ohun tí àwọn máníjà mẹ́ta yẹn ń wò lójú ara wọn nìyẹn: ta ló máa kọ́kọ́ pe lándìlọ́ọ̀dù.

Kánsù tiwọn ńkọ́? Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, ìwé ni. Òfin kan wà láti ọdún 1961 tó fún un láṣẹ pé kó fi ìwé lé onílé tàbí ayálégbé lọ́wọ́: páìpù rẹ ti dí, là á láàárín wákàtí 48. Tí onítọ̀hún bá kọ̀, kánsù á wá là á fúnra rẹ̀, á sì gba owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ rẹ̀. Wolé-wolé ni, ẹ̀yin èèyàn mi! Wolé-wolé tó wọ súùtù. Mo ti ń rìn lórí ọ̀rọ̀ gọ́tà tiwa fún oṣù mẹ́ta nígbà tí mo gbọ́ wákàtí 48.

A ṣe ìpàdé lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́bàá wéèháùsì. Ọkùnrin oníke ní omi òun kì í dúró lọ́dọ̀ òun, kí ló kan òun nínú gọ́tà ìsàlẹ̀? Mẹkáníìkì ní omi tòun kò ju garawa méjì lọ lójúmọ́, kí ló dé tí òun á san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń fọ ike látàárọ̀ ṣúlẹ̀? Àwọn méjèèjì ló ń sọ òótọ́, ìyẹn ló sì mú kí ìpàdé náà le. Àwọn àgbà ní àgbàrá kò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Òwe yẹn kò sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é tí onílé bá pé mẹ́sàn-án, tí kálukú ń retí pé ẹlòmíràn ni kò ní gbà.

Èmi náà dìde. Mo sọ̀rọ̀ nípa omi búlúù tí àwọn kan ń dà sílẹ̀ láti òkè. N kò dárúkọ, ṣùgbọ́n ojú mi kò kúrò lára oníke. Ó ní ike funfun àti aláwọ̀ ewé lòun ń fọ̀. Mo ní a ó rí i.

Obìnrin ọlọ́ṣẹ ló parí ẹ̀. Ó ní ká dá iye kan náà fún gbígbẹ́ ẹ̀ẹ̀kan yìí, ká tó padà wá jà. A dá owó.

Ọjọ́ Sátidé ni àwọn ọkùnrin mẹ́ta wá pẹ̀lú dígà, ṣọ́bìrì àti bárò kan tó ń ké. Wọ́n ki irin gbọọrọ bọ abẹ́ sílábù àkọ́kọ́, wọ́n yí i padà, òórùn tó jáde lé ológbò wéèháùsì lọ sórí ògiri. Ohun tó wà nínú gọ́tà kì í ṣe ẹrẹ̀ lásán. Ó wà ní ìpele-ìpele, ṣọ́bìrì ń gé e bí ẹni ń gé kéékì: náílọ́ọ̀nù pọ́ọ̀ wọ́tà, ìyẹ̀fun ońjẹ adìyẹ tó ti gan, náílọ́ọ̀nù, èérún ike, náílọ́ọ̀nù. Ẹ lè fojú ka ọdún nínú ẹ̀. Àgbà nínú wọn fa àpò ìrẹsì odindi kan jáde, ẹnu rẹ̀ ṣì wà ní dídì. A ò tú u wò. Ní ẹ̀gbẹ́ ilé tó wà ní pípa tì, gbòǹgbò igi ọ̀dán ti la ògiri gọ́tà sí méjì. Ibẹ̀ ló ti dí jù, kò sì sí ẹni tí a lè bá wí níbẹ̀. Ní ẹnu kọ́fátì, táyà tírélà kan ló dábùú. Mẹkáníìkì wò ó, ó ní kì í ṣe tòun. Ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò lára táyà náà.

Ìgbà tí wọ́n padà wá gé iwájú tiwa, àgbà náà dá ṣọ́bìrì dúró. Páìpù ìńṣì mẹ́rin kan yọ ẹnu lábẹ́ ògiri wa. Ó fi ọwọ́ nu etí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ di búlúù.

"Ta ló ni èyí?"

Mo ní inú sókéwéè lẹ́yìn ilé ni omi tiwa ń lọ, lándìlọ́ọ̀dù ló fi hàn mí lọ́jọ́ tí mo gba ilé. Kò bá mi jiyàn. Ó kàn ní kí ẹnì kan lọ da omi sí ibi tí a ti ń fọ ẹ̀rọ. Ọmọ iṣẹ́ wa wọlé lọ pẹ̀lú garawa. Gbogbo wa dúró, àwa mẹ́jọ tó wà níbẹ̀, a tẹjú mọ́ ẹnu páìpù bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. N kò tíì ka ogún tán nínú ọkàn mi tí omi náà fi yọ, tó tín-ín-rín bí okùn, tó búlúù bí àdìrẹ.

Íńkì wa ni. Kọ́fátì ló dí, òjò kò rọ́nà lọ, gọ́tà kún dé ẹnu páìpù wa, ó sì gba inú páìpù náà gbé ohun tí a ti ń dà sínú rẹ̀ padà fún wa. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń tẹ lébẹ́ẹ̀lì oníbúlúù fún àwọn olómi, ọdún mẹ́rin ni gọ́tà náà ti ń mu ún.

Oníke kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà," ó padà sókè.

Mo lè di ẹ̀bi náà ru lándìlọ́ọ̀dù. Lóòótọ́, ó fi páìpù síńkì gba gọ́tà lọ kí sókéwéè má baà tètè kún, ó sì gbà bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo pè é, ó ní "bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe é nìyẹn, ìyá." Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń fọ ẹ̀rọ. Òfin àpapọ̀ lórí omi tí ilé-iṣẹ́ ń dà síta ti wà láti ọdún 1991, lẹ́yìn ìtìjú àwọn ẹ̀gbin olóró tí wọ́n wá dà sí ìlú Kókó lọ́dún 1988. NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, ti wà láti ọdún 2007 láti máa mú un ṣẹ. Mo mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé ti àwọn ńláńlá ni, àwọn tó ní símíní. Ilé ìtẹ̀wé tó ní èèyàn mẹ́fà, kí ni tiwa níbẹ̀?

Ní báyìí, mo ti ra dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta. Omi tí a bá fi fọ ẹ̀rọ, ibẹ̀ là ń dà á sí, a ó sì fi álọ́ọ̀mù sí i, irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń mú omi odò tòrò. Tó bá di ọjọ́ kejì, íńkì á ti sọ̀ sísàlẹ̀ bí ògì, omi orí rẹ̀ á sì mọ́, kì í ṣe mímọ́ tí èèyàn lè mu o, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ á ti lọ. Ògì búlúù náà la máa ń sá gbẹ, a ó dì í sínú àpò. Àpò mọ́kànlá ló wà lẹ́yìn ilé báyìí. Kò tíì sí ẹni tó wá gbé e.

Mo tún ṣe ohun kan. Mo mú pépà kan nínú àwọn tó rin lọ́jọ́ yẹn, tó ti gbẹ, tó wá ń ká kò bí etí ewé, mo gba téèpù lọ́wọ́ oníwẹ́dà, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi sì rin títì náà láti òkè dé kọ́fátì. Mo ya gbogbo rẹ̀. Dúdú ni mo fi fa ibi tí omi ẹnì kan ṣoṣo ń gbà, láti inú ọgbà rẹ̀ títí dé ẹnu gọ́tà. Ibi tí omi ẹni kejì ti dà mọ́ ọn, láti ibẹ̀ lọ, pupa. Nígbà tí mo yà á tán, pupa pọ̀ ju dúdú lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Mo kọ páìpù tiwa náà sí i. Ó kọ́kọ́ ṣe mí bíi kí n fò ó.

Mo gbé e lọ sí kánsù lọ́jọ́ Jímọ̀. Bàbá onígúgúrú wà lórí ìjókòó, àgbàdo sísè ló ń jẹ lọ́tẹ̀ yìí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ dáadáa kó tó gbà á, mo sì rí i pé ìyẹn dùn mọ́ mi. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi ìka tọ ilà dúdú ti oníke, ó fi tọ tiwa, ó wá gbé ìka lé pupa, ó ń tọ̀ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ títí dé odò.

"Pupa yìí," ló wí, "ta ló wá ni ín?"

Mo ní ohun tí mo wá bi yín nìyẹn, bàbá.

Ó tún wò ó. Ó ní kí n fi ẹ̀dà kan sílẹ̀, òun á fi han ọ̀gá òun lọ́jọ́ Ajé. Ó fa dúrọ́ọ̀ náà síta, ó ti àwọn fáìlì tí èkúté jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì tẹ́ ẹ sórí wọn láìká a.